Ríra ohun èlò ìkọ́lé lọ́wọ́ àwọn olùpèsè tó wà nítòsí: kí ló máa ń jẹ́ kó forí ṣánpọ́n?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Èmi ni mo ń bójú tó ọjà rírà ní ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé kan. Oníṣẹ́, ìyẹn ẹni tí a fẹ́ kọ́ ilé ìwé alájà mẹ́ta fún, ti kọ ọ́ sínú àdéhùn pé ìdá 30 nínú 100 owó ohun èlò gbọ́dọ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn olùpèsè tó wà ní agbègbè náà, àti pé àwọn ilé-iṣẹ́ kéékèèké àti ti àwọn obìnrin gbọ́dọ̀ wà lára wọn. Lórí iṣẹ́ wa tó kọjá, a gbé iṣẹ́ kíkó búlọ́ọ̀kù wá fún ẹnì kan tó wà nítòsí. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 5, kò lè kó o wá mọ́, iṣẹ́ dúró, àwa la sì san owó ìtanràn. Báwo ni a ṣe lè mú àdéhùn tuntun yìí ṣẹ láìjẹ́ pé ilé náà jìyà rẹ̀? Ṣé kí n tún pe ẹni yẹn padà?

Ìdáhùn: Kí n tó jókòó ti ìdáhùn yìí, mo ránṣẹ́ béèrè ohun méjì lọ́wọ́ yín: ọjọ́ mélòó ni ilé-iṣẹ́ yín fi ń sanwó ọjà, búlọ́ọ̀kù mélòó sì ni ẹni náà ń kó wá lọ́sẹ̀? Ẹ fèsì pé ọjọ́ 60 ni ẹ fi ń sanwó, pé ẹ kì í san àsansílẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, àti pé búlọ́ọ̀kù 3,000 ló ń wọlé lọ́sẹ̀. Ẹ ṣeun tí ẹ kò fi èyíkéyìí pa mọ́, nítorí inú èsì yẹn ni mo ti rí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a jọ ṣe ìṣirò rẹ̀.

Ẹni tó ń kó búlọ́ọ̀kù 3,000 wá lọ́sẹ̀, tí owó àkọ́kọ́ kò ní kàn án lọ́wọ́ àfi lẹ́yìn ọjọ́ 60, yóò ti kó ohun tó lé ní 25,000 búlọ́ọ̀kù sílẹ̀ fún yín kí ó tó gba owó ẹyọ kan. Sìmẹ́ǹtì tó wà nínú gbogbo wọn, owó ló fi rà á, nítorí ẹni tó ń ta sìmẹ́ǹtì fún un kò ní dúró títí di ọjọ́ 60. Àwọn tó ń po iyanrìn, tí wọ́n ń tẹ búlọ́ọ̀kù, tí wọ́n sì ń bu omi rin ín, ìparí ọ̀sẹ̀ ni wọ́n ń gbowó. Epo lọ́rì, ojú ẹsẹ̀ ni. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún tí ẹ mẹ́nu bà, búlọ́ọ̀kù 15,000 ló ti wà lára ògiri yín, tí ẹ ti to, tí ẹ ti rẹ́, tí oníṣẹ́ pàápàá lè ti san owó rẹ̀ fún yín, ṣùgbọ́n olówó búlọ́ọ̀kù kò tíì rí nǹkan kan gbà. Ọwọ́ rẹ̀ ló gbẹ. Ẹ fún un ní iṣẹ́ àti iyì orúkọ, ẹ sì sọ ọ́ di báǹkì tó ń yá yín lówó láìgba èlé, nígbà tí òun gan-an kò rí ẹni yá òun.

Àṣà yìí kì í ṣe tiyín nìkan. Nígbà tí Carillion, ilé-iṣẹ́ ìkọ́lé ńlá kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kógbá wọlé ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2018, ọ̀kan nínú ohun tó hàn síta ni pé àwọn olùpèsè rẹ̀ lè dúró títí di ọjọ́ 120 kí wọ́n tó gba owó wọn, àwọn kéékèèké tó ti kó ọjà sílẹ̀ ló sì wó lé lórí. Àwọn aṣòfin ti gbìyànjú láti dín in kù. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan náà, òfin ọdún 1996 lórí àdéhùn ìkọ́lé kò gbà kí agbaṣẹ́ṣe sọ fún ẹni tó gbaṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ pé ìgbà tí wọ́n bá sanwó fún òun ni òun yóò sanwó fún un, àfi bí ẹni tó yẹ kó sanwó lókè bá ti wọ gbèsè tí kò lè san. Ní ọdún 2011, Ìṣọ̀kan Yúróòpù náà fi òfin lélẹ̀ pé, ní gbogbogbòò, kí àwọn ilé-iṣẹ́ ìjọba máa sanwó láàárín ọjọ́ 30. Ṣùgbọ́n ẹ kò nílò láti dúró de òfin kankan. Ẹ̀yin lẹ ń kọ àdéhùn ọjà rírà ní ilé-iṣẹ́ yín.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ kọ síbẹ̀ rèé. Ní ti ilé-iṣẹ́ kékeré, kí owó ọjà kọ̀ọ̀kan jáde láàárín ọjọ́ 14 lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbà pé ọjà náà pé, ó sì dára. Kí ẹnì kan tí ẹ dárúkọ rẹ̀ wà lójú iṣẹ́ tó ní àṣẹ láti fọwọ́ sí ìwé ìgbọjà lọ́jọ́ tí lọ́rì bá dé, nítorí mo ti rí ibi tí ọjọ́ 14 ti di 40 nítorí pé ẹni tó yẹ kó fọwọ́ síwèé rìnrìn àjò. Bí ẹ bá ń bẹ̀rù àsansílẹ̀, ẹ ra sìmẹ́ǹtì fúnra yín, ẹ gbé e fún un, kí ẹ sì máa yọ owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nínú owó búlọ́ọ̀kù. Owó kò ní yà sí ibòmíràn, ẹ̀yin náà yóò sì mọ irú sìmẹ́ǹtì tó wà nínú ohun tí ẹ ń rà. Ẹ má ṣe dá apá kan owó rẹ̀ dúró títí ilé yóò fi parí. Iṣẹ́ tí àbùkù lè fara hàn lára rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀la ni irú owó ìdádúró bẹ́ẹ̀ wà fún. Búlọ́ọ̀kù tí ẹ ti yẹ̀ wò, tí ẹ ti gbà, tí ẹ sì ti tò mọ́ ògiri kò sí nínú rẹ̀. Bákan náà, ìwé onídùúró báǹkì tí ẹ ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ kó irin odindi ilé wá kò bá ẹni tó fẹ́ kó iyanrìn lọ́rì mẹ́wàá wá mu.

Ohun kejì tó máa ń pa olùpèsè tó wà nítòsí ni bí a ṣe ń di iṣẹ́ pọ̀. Èmi fúnra mi jẹ̀bi rẹ̀ nígbà tí mo ṣì kéré nídìí iṣẹ́ yìí. Mo di gbogbo ilẹ̀kùn, férémù, kọ́kọ́rọ́ àti fèrèsé ilé kan pọ̀ sí ẹyọ àdéhùn kan, mo sì ní ẹni tó bá fẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi ìwé ìṣirò owó ọdún mẹ́ta hàn. Káfíńtà kan tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ sí wa mú ìwé tirẹ̀ wá, mo sì dá a padà nítorí pé kò ní ìṣirò ọdún mẹ́ta. Ilé-iṣẹ́ ńlá kan láti ọ̀nà jíjìn ló gba iṣẹ́ náà. Lọ́jọ́ tí férémù dé, mo yí ọ̀kan dà láti wo bí wọ́n ṣe so igun rẹ̀ pọ̀. Oríkèé rẹ̀ wọra wọn tóbẹ́ẹ̀ tí èékánná kò lè ráàyè láàárín wọn, mo sì rí orúkọ káfíńtà tí mo dá padà yẹn tí ó fi pẹ́ńsùlù kọ sẹ́yìn igi náà. Òun náà ló ṣe wọ́n. A san owó ẹni tó wà láàárín lórí ohun tó wà lẹ́bàá ẹnu ọ̀nà wa, owó tó sì dé ọwọ́ ẹni tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣiṣẹ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán kó tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà ṣì ń dùn mí.

Nítorí náà, kí ẹ tó kéde iṣẹ́, ẹ gbé ìwé ìṣirò ohun èlò síwájú, kí ẹ máa béèrè lórí ìlà kọ̀ọ̀kan pé: ta ni ó kéré jù lọ tó lè ṣe èyí dáadáa? Òfin Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti ọdún 2014 lórí iṣẹ́ ìjọba fi irú èrò yìí ṣe ìpìlẹ̀: ilé-iṣẹ́ ìjọba tí kò bá fẹ́ pín iṣẹ́ sí ọ̀nà kéékèèké gbọ́dọ̀ sọ ìdí tí kò fi pín in. Ó sì yẹ kí a rántí pé òfin náà kò gbà kí wọ́n sọ pé ará agbègbè kan nìkan ni yóò gbaṣẹ́. Pípín iṣẹ́ sí ìwọ̀n tí apá ẹni kékeré ká ni ọ̀nà tó wà ní ṣíṣí fún wọn. Bí iṣẹ́ yín bá wà lábẹ́ òfin ìjọba, ẹ jẹ́ kí agbẹjọ́rò wo ẹsẹ ọ̀rọ̀ tó sọ nípa agbègbè kí ẹ tó kéde rẹ̀.

Àmọ́ ṣá o, gbogbo nǹkan kọ́ ni a ń pín. Kọnkéré òpó àti òrùlé pẹlẹbẹ, orísun kan ni kí ó ti wá, kí àbájáde àyẹ̀wò rẹ̀ lè jẹ́ ọ̀kan náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Iṣẹ́ tí kò ní jẹ́ kí omi wọlé lórí òrùlé, ẹnì kan ṣoṣo ni kí ó ṣe é, nítorí lọ́jọ́ tí omi bá ń jò, ẹ kò ní fẹ́ gbọ́ pé ti ẹnì kejì ni. Ohun tó ṣeé pín láìséwu ni iyanrìn, òkúta wẹ́wẹ́, búlọ́ọ̀kù, pákó, férémù, irin fèrèsé, ọ̀dà kíkùn, gbígbẹ́ ilẹ̀, kíkó pàǹtí dànù, oúnjẹ òṣìṣẹ́ àti ìṣọ́. Àwọn tó wúwo tí owó wọn kò sì pọ̀ ló yẹ kí ó ti ìtòsí wá jù, nítorí lórí iyanrìn àti òkúta, owó lọ́rì lè ju owó ọjà gan-an lọ bí ọ̀nà bá jìn. Kọnkéré tí wọ́n ti pò kó tó dé kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni. Òdiwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ẹnjiníà ti ń lò tipẹ́ ni pé kí a ti dà á tán láàárín wákàtí kan àbọ̀ lẹ́yìn tí omi bá ti kan sìmẹ́ǹtì.

Wàyí o, ẹ̀rù tó ń bà yín nípa ilé náà. Mo gbà pé ẹ̀rù náà tọ́, nítorí ilé ìwé ni, ọmọ aláìmọ̀kan ni yóò jókòó sábẹ́ òrùlé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbà pé títóbi ilé-iṣẹ́ ni ìdánilójú. Ohun tó ń dáàbò bo ilé ni àyẹ̀wò, àyẹ̀wò náà sì gbọ́dọ̀ jẹ́ ọ̀kan náà fún ńlá àti kékeré. Ẹ mú irin gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Ẹ gé mítà kan gééré lára irin tí wọ́n pè ní 12, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n. Bí ó bá jẹ́ mìlímítà 12 lóòótọ́, ìwọ̀n rẹ̀ yóò sún mọ́ gíráàmù 888. Bí òṣùwọ̀n bá fi 750 hàn, irin mìlímítà 11 ni wọ́n tà fún yín: ẹ ti pàdánù nǹkan bí ìdá 16 nínú 100 irin tí ẹnjiníà fi ṣe ìṣirò òpó náà, ojú lásán kò sì lè rí i. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni gbogbo rẹ̀ gbà. Mo ti rí irin tó kùnà ìdánwò yìí láti inú tírélà tó ní ìwé ẹ̀rí tó dán gbinrin, mo sì ti rí èyí tó yege láti ibi ìtajà kékeré.

Iyanrìn náà ní ìdánwò tirẹ̀. Ẹ rọ ọ́ sínú ìgò tí ojú ń rí inú rẹ̀, ẹ da omi tí ẹ fi iyọ̀ díẹ̀ sí lé e, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, kí ẹ sì gbé e kalẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta. Iyanrìn yóò rọ̀ sísàlẹ̀, ẹrẹ̀ yóò sì fẹ̀ lé e lórí. Bí ẹrẹ̀ náà bá ju ìdá 8 nínú 100 ìpele iyanrìn tó wà lábẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ má ṣe gba lọ́rì yẹn wọlé títí ilé àyẹ̀wò yóò fi sọ tẹnu rẹ̀. Ní ti kọnkéré, ẹ mọ̀ ọ́n ju èmi lọ: ẹ dà á sínú àpótí kéékèèké onígun mẹ́rin kí ó di kúúbù, ẹ fọ́ díẹ̀ ní ọjọ́ 7, ẹ fọ́ ìyókù ní ọjọ́ 28, kí ẹ lè mọ agbára rẹ̀. Ní ti búlọ́ọ̀kù, ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ kí ẹ tó fọwọ́ síwèé. Ẹ wò ó bóyá wọ́n kọ ọjọ́ tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ sára òkìtì kọ̀ọ̀kan, bóyá omi wà nítòsí, bóyá nǹkan bo búlọ́ọ̀kù tuntun lójú oòrùn. Ibi tí búlọ́ọ̀kù àná ti gbẹ fúrúfúrú ní ọ̀sán òní, kò sí bí sìmẹ́ǹtì inú rẹ̀ ṣe lè ṣiṣẹ́ tán. Ẹ fi gbogbo èyí hàn án ṣáájú, kí ó mọ ohun tí ẹ óò fi yẹ̀ ẹ́ wò. Olùpèsè kékeré kan tí mo fi ìdánwò ìgò hàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fúnra rẹ̀ ní ibi tí ó ti ń gbẹ́ iyanrìn, kò sì kó lọ́rì búburú kan wá mọ́.

Ìdá 30 tí oníṣẹ́ yín béèrè, ẹ bá a jókòó kí ẹ fẹnu kò lórí bí ẹ óò ṣe máa kà á. Ta ni ẹni tó wà ní agbègbè? Ṣé ẹni tó ń ṣe ọjà níbẹ̀ ni, àbí ẹni tó kàn ní ilé ìtajà níbẹ̀ tí ọjà rẹ̀ ń ti òkè òkun bọ̀? Ní Amẹ́ríkà, ètò tí ìjọba àpapọ̀ ṣe fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí ipò kò fi bẹ́ẹ̀ gbè nínú iṣẹ́ títì àti pápákọ̀ òfuurufú ti rí ìdáhùn tó mọ́gbọ́n dání sí ìbéèrè yìí. Bí ilé-iṣẹ́ náà bá ṣe ọjà fúnra rẹ̀, gbogbo owó rẹ̀ ni wọn ń kà. Bí ó bá jẹ́ oníṣòwò tó ní ilé ìkẹ́rùsí, tí ó sì ń kó ọjà síbẹ̀ déédéé, ìdá 60 nínú 100 ni wọn ń kà. Ṣùgbọ́n ẹni tó kàn so olùrà pọ̀ mọ́ olùtà, owó iṣẹ́ rẹ̀ nìkan ni wọn ń kà, iye ọjà kò sí nínú rẹ̀. Ẹ lè gba irú òṣùwọ̀n bẹ́ẹ̀ lò. Láìsí i, ẹ óò rí ìdá 30 lórí ìwé, nígbà tí owó náà kò lo ju alẹ́ kan lọ ní agbègbè.

Ọ̀rọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ obìnrin àti ti àwọn tí wọ́n ti ń dá sẹ́yìn tipẹ́ nílò ìṣọ́ra méjì. Èkínní ni ìbòjú: kí ọkùnrin kan fi orúkọ ìyàwó tàbí òṣìṣẹ́ rẹ̀ síwájú láti gba iṣẹ́. Òfin ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà tó ń gbé àwọn aláwọ̀ dúdú lárugẹ nínú ọrọ̀ ajé, tí wọ́n ṣe ní 2003, ni a tún ṣe ní 2013 kí irú ẹ̀tàn bẹ́ẹ̀ lè di ẹ̀ṣẹ̀ tí ilé ẹjọ́ ń fìyà jẹ. Ọ̀pọ̀ ètò ń béèrè pé kí obìnrin ní ó kéré tán ìdá 51 nínú 100 ilé-iṣẹ́ náà. Mo gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé nìkan kò tó mi. Ẹ bẹ̀ ẹ́ wò níbi iṣẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì béèrè iye tí òun fi ń ra irin àti ẹni tó ń fọwọ́ sí ìwé báǹkì. Ẹni tó ni iṣẹ́ kì í wo ẹlòmíràn lójú kó tó dáhùn.

Èkejì ni ẹ̀rí. Nígbà tí Maynard Jackson di olórí ìlú Atlanta ní Amẹ́ríkà ní 1974, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó dé ipò náà, ó fi dandan lé e pé kí ìdá 25 nínú 100 iṣẹ́ pápákọ̀ òfuurufú tuntun lọ sọ́dọ̀ àwọn ilé-iṣẹ́ àwọn ẹ̀yà tí kò pọ̀ láwùjọ. Inú bí ọ̀pọ̀ ènìyàn, ṣùgbọ́n ó dúró lórí ọ̀rọ̀ rẹ̀, ilé èrò pápákọ̀ náà sì ṣí ní 1980. Ìlú Richmond ní ìpínlẹ̀ Virginia gbìyànjú ohun tó jọ ọ́ pẹ̀lú ìdá 30, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Amẹ́ríkà sì wọ́gi lé e ní 1989, nítorí pé ìlú náà kò fi ẹ̀rí tó hàn pé wọ́n ti rẹ́ àwọn tó dárúkọ jẹ nínú iṣẹ́ ìkọ́lé níbẹ̀ gan-an. Ohun tí mo rí kọ́ nínú méjèèjì ni pé kí ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: àwọn tí ẹ pè, àwọn tó dáhùn, iye tí wọ́n ní kí ẹ san, ìdí tí ẹ fi gba ọ̀kan. Ọ̀nà kan tí Atlanta lò tún wúlò fún yín: ìbáṣepọ̀, kí ilé-iṣẹ́ ńlá àti kékeré jọ fọwọ́ sí àdéhùn kan, kí apá tí kékeré yóò ṣe sì hàn kedere nínú rẹ̀.

Nípa àwọn ohun tí kò sí ní ìtòsí, bí ẹ̀rọ agbéniròkè tàbí àwọn ẹ̀rọ iná ńlá, ẹ má ṣe fipá wá wọn níbẹ̀. Ẹ kàn tètè bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n. Ọkọ̀ ojú omi Ever Given dí ọ̀nà omi Suez ní Íjíbítì fún ọjọ́ 6 péré ní oṣù kẹta ọdún 2021, ọjà sì pẹ́ kó tó dé lọ́pọ̀lọpọ̀ ibi tó jìnnà sí Suez. Lórí ohun tó wà nítòsí, ẹ má ṣe fi gbogbo rẹ̀ sí ọwọ́ ẹnì kan. Ẹ fún ẹnì kan ní ìdá 60, kí ẹ fún ẹnì kejì ní 40, kí ó fi jẹ́ pé bí ẹ̀rọ ọ̀kan bá bàjẹ́, bíríkìlà kò ní jókòó.

Ẹ béèrè bóyá kí ẹ tún pe ẹni yẹn padà. Bí ẹ bá ṣì jẹ ẹ́ lówó, ẹ kọ́kọ́ san án. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ bẹ̀ ẹ́ wò, kí ẹ fi ìṣirò búlọ́ọ̀kù 15,000 yẹn hàn án, kí ẹ sì béèrè bóyá bó ṣe rí lára rẹ̀ náà nìyẹn. Bí búlọ́ọ̀kù rẹ̀ bá yege àyẹ̀wò, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú odi àyíká ilé ìwé náà, níbi tí iṣẹ́ kò ti ní dúró bí ọjọ́ méjì bá yẹ̀: búlọ́ọ̀kù 2,000, sìmẹ́ǹtì láti ọwọ́ yín, owó láàárín ọjọ́ 14. Bí èyí bá lọ déédéé lẹ́ẹ̀mejì, ẹ gbé ògiri ìsàlẹ̀ fún un.